Ọmọ Tí Mo Pa Nínú Ìwé

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé níbo ni mo ti ń rí àwọn ẹ̀dá inú ìwé mi. Wọ́n rò pé ojú oorun ni wọ́n ti ń yọ sí mi. Rárá o. Olè ni mí. Mo lè mú ìrìn lára ẹnìkan ní Ọ̀wọ̀, kí n mú ẹ̀rín lára ẹlòmíràn ní Ìdásẹn, kí n wo bí ẹnìkẹta ṣe ń bínú nínú ọkọ̀, kí n wá rán gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó ni ìrìn kò ní dá ara rẹ̀ mọ̀ tó bá ka ìwé náà, torí pé ẹ̀rín tó wà lẹ́nu ẹ̀dá yẹn kì í ṣe tirẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni mo fi ń ṣe olè náà: n kò gbọdọ̀ mú nǹkan méjì nínú ilé kan. Ìyá tó bí mi ló kọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ pé òun ń kọ́ ẹnikẹ́ni. Apàlọ́ ni. Tó bá ń pa àlọ́ ahun, gbogbo agboolé mọ ẹni tó ń bá wí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè dìde pé òun ni, torí ìyá mi á ti fi irùngbọ̀n ẹlòmíràn sí i lágbọ̀n.

Ọjọ́ tí mo rú òfin yẹn ni mo fẹ́ sọ. Mo ti dìde lórí àga lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó kọ ibí yìí. Mo lọ wo ìkòkò tí kò sí lórí iná. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo tún tì í. Ẹ fara dà á fún mi, n ó sọ ọ́ tán.

Ní nǹkan bí ọdún 1985 ni wọ́n gbé mi kúrò ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ọ̀wọ̀ lọ sí Elégbéká. Ọkọ mi ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ní káńsù, kò lè bá mi lọ, nítorí náà ọjọ́ Ẹtì ni mo ń wálé. Láti ọjọ́ Ajé, yàrá kan tó kọjú sí ọ̀nà Bìní ni mo ń gbé, tí ọkọ̀ agbégi bá ń kọjá, ife á máa gbọ̀n lórí tábìlì. Ìwé mi kejì ni mo ń kọ nígbà náà, inú ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé ni mo sì ń kọ ọ́ sí. Èdè Ọ̀wọ̀ ni èmi àti ọ̀pọ̀ wọn níbẹ̀ ń bá ara wa sọ. Yorùbá tí gbogbo wa jọ ń kà ni mo fi ń ròyìn rẹ̀ níbí.

Tí mo bá ti parí orí kan, mo máa ń gbé e lọ bá àwọn obìnrin tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ẹ̀rọ tó ń rin ín. Obìnrin mẹ́fà tàbí méje, ọ̀bẹ lọ́wọ́ wọn, òkìtì ẹ̀gẹ́ láàárín. Èmi á jókòó sórí àpótí, n ó máa kà. Bí ọ̀bẹ bá ń lọ geere, ẹ̀dá tí mo dá kò tíì ní èémí. Bí ọ̀bẹ bá dúró, ó ti ń mí nìyẹn. N kò ní olùdájọ́ mìíràn, n kò sì wá òmíràn. Ọ̀kan nínú wọn wà tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Mo ka orí kan nípa ọkùnrin kan tó ń wọ aṣọ funfun kiri ìlú, ó gbé ojú sókè.

"Tíṣà, ọkùnrin yìí kò ní ìyàwó ni?"

"Kò ní."

"Ta wá ló ń bá a fọ aṣọ náà? Ẹ̀yin?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo lọ sílé, mo lọ fún ọkùnrin náà níyàwó.

Ní òdìkejì ọ̀nà sí yàrá mi, ìyá kan ń gbé tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Olóbì. Ó ń ta obì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún àwọn èrò ọkọ̀. Ọmọ kan ló kù ú kù láyé, ọkùnrin. Kí n tó dé Elégbéká ni ọmọ náà ti lọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la igi ní Arímọ́gijà, ó wá bá ọkọ̀ agbégi lọ láti ibẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó já sí. Kì í kọ lẹ́tà. Awakọ̀ ló máa ń rán sí ìyá rẹ̀. Nígbà tí mo máa fi dé, ó ti lé lọ́dún kan tí awakọ̀ kankan kò ti jíṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Mo máa ń wo ìyá yìí láti ojú fèrèsé. Tí ọkọ̀ bá dúró, á gbé àwo obì, á sáré dìde, ṣùgbọ́n kì í wo ojú ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ló ń wò. Lọ́jọ́ kan mo bi í.

"Màmá, kí ló dé tó fi jẹ́ ẹsẹ̀ lẹ ń wò?"

"Ojú lè yí padà, Tíṣà. Ọkùnrin lè dá irùngbọ̀n sí, ó lè sanra, ó lè lọ ra awò fi bojú. Ẹsẹ̀ ọmọ mi, èmi ni mo yọ jìgá níbẹ̀. Kò sí ibi tó máa gbé e gbà tí n kò ní mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ta ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò ní yún un? Mo sáré wọlé lọ kọ ọ́ sílẹ̀ kó má bàa tutù. Nínú ìwé mi, mo sọ ọ́ di obìnrin amọ̀kòkò kan ní ìlú etí odò. Mo sọ ọ́ di ẹni gíga, apọ́nbéporẹ́. Mo fún un ní ọkọ tó wà láàyè àti ọmọ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n mo fi wíwo ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún un, mo sì fi dídúró de ọmọ sílẹ̀ fún un. Nǹkan méjì, ilé kan. Mo mọ̀ nígbà tí mo ń ṣe é. Mo ní n ó tún un ṣe tó bá yá.

Ìwé náà wá ń wá ìparí, kò rí. Mo pààrà yàrá yẹn títí ilẹ̀ rẹ̀ fi ń dán. Níkẹyìn mo mú ọmọ amọ̀kòkò, mo jù ú sínú odò. Àwọn apẹja gbé e wá nínú ẹní, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta, ìyá rẹ̀ sì wò ó. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, orí mi wú. Mo mọ̀ pé ó dùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni mo gbé e lọ síbi ẹ̀gẹ́, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti jáde iléèwé. Epo ọkọ̀ wọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, ọkọ̀ kò pọ̀ lójú ọ̀nà, Ìyá Olóbì sì wá bá wọn jókòó, ó ń bá wọn bẹ ẹ̀gẹ́. N kò ní purọ́ pé n kò rí i. Mo rí i, mo sì ṣí ìwé. Mo ti ń kà á lọ́kàn láti àárọ̀, n kò lè gbé e padà sílé.

Nígbà tí mo débi tí amọ̀kòkò ti ń wo ẹsẹ̀ èrò ọkọ̀ ojú omi, gbogbo ọ̀bẹ dúró. Inú mi dùn débi pé ohùn mi gbéra sókè. Mo ka odò. Mo ka ẹní. Mo ka ẹsẹ̀. Ìyá Olóbì gbọn èèpo ẹ̀gẹ́ kúrò lára ìró rẹ̀, ó dìde.

"Ẹ ṣé o, Tíṣà," ó wí. "Ẹ sọ ọ́ dáadáa. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín."

Ó lọ. Èmi òpè, mo dúpẹ́. Mo rò pé ìwé mi ló yìn.

Ẹlẹ́nu mímú gbé ọ̀bẹ rẹ̀ kalẹ̀. "Tíṣà, ìgbà wo ni lẹ́tà náà dé?"

"Lẹ́tà wo?"

"Ẹ jọ̀wọ́, ó ti lọ. Ẹ lè sọ ọ́ fún wa. Ṣé inú omi ló kú sí lóòótọ́?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, a kì í la ikú ọmọ mọ́ ìyá lójú. Tí ìròyìn bá ti òkèèrè dé, àgbàlagbà kan tàbí ẹni tó mọ̀wé ló máa lọ bá a. Á jókòó ti ìyá náà, á bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹlòmíràn ní ìlú mìíràn, obìnrin kan báyìí tó ń retí ọmọ rẹ̀ báyìí. Kí ìtàn tó dé ìdajì, ẹni tó ń gbọ́ ti mọ̀. Èmi gan-an ni mo máa ń ka gbogbo lẹ́tà abúlé yẹn. Ní ọdún tó ṣáájú, lẹ́tà dé pé àbúrò ẹnìkan ṣaláìsí lókè Ọya. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ túfọ̀, ìtàn ni mo sì fi tú u. Gbogbo wọn gbọ́ pé mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo sáré dé ilé Ìyá Olóbì. Ó ti ṣí gèlè. Ó ti fa àpótí aṣọ ọmọ rẹ̀ jáde lábẹ́ ibùsùn, ó jókòó tì í nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Màmá, àròsọ ni. Ìwé ni mo ń kọ. Kò sí lẹ́tà kankan."

"Mo gbọ́, ọmọ mi."

"Kò sí nǹkan kan tó ṣe ọmọ yín."

"Àmín."

"Ṣé ẹ gbà mí gbọ́?"

Ó wò mí bí ẹni ń ṣàánú mi. "Ohun tí ẹni tó gbé irú ẹrù yẹn dé máa ń sọ nìyẹn. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin náà lẹ sọ nílé kejì lọ́dún tó kọjá pé kò sí nǹkan kan, pé òtútù lásán ni? Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ ti ṣe é bó ṣe yẹ. Tó bá di ọjọ́ kẹjọ, n ó pín aṣọ rẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ilé, kí ojú rẹ̀ lè kúrò lọ́nà."

Bí mo ṣe ń sẹ́ tó ni ọmọ náà ń kú sí i. Mo padà sí yàrá mi, n kò lè jókòó. Mo ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò lọ́jọ́ kejì, mo dá ọ̀rọ̀ dúró láàárín, mo ń wo ilé Ìyá Olóbì ní òdìkejì ọ̀nà. Àwo obì wà lójú fèrèsé. Ọkọ̀ dúró, kò sẹ́ni tó jáde. Àwọn tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ sọ pé ìyá náà kò jẹun.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo sọ fún ọ̀gá iléèwé pé inú ń run mí, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Arímọ́gijà. Bí mo bá lè rí ọmọ yẹn, tàbí ẹni tó rí i láìpẹ́, n ó fà á dé iwájú ìyá rẹ̀. Mo bá bàbá kan níbi ayùn, lẹ́búlẹ́bú igi ti kún ìpéǹpéjú rẹ̀. Mo sọ ẹni tí mo ń wá.

"Ìyẹn!" Ó pa ayùn. "Ó bá mi jà kó tó lọ. Ó ní orí mi dà bí ìtì igi tí wọn ò tíì là."

"Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ọ̀nà wo ló gbà?"

"Ọ̀nà ọkọ̀."

Ó tan ayùn rẹ̀ padà. Gbogbo ohun tí mo gbọ́ ní Arímọ́gijà nìyẹn. Inú bí mi débi tí n kò fi mọ̀ pé ó ti fi nǹkan lé mi lọ́wọ́.

Nígbà tí mo délé ní Ọ̀wọ̀, ọkọ mi wò mí bí mo ṣe ń bọ́ sí yàrá tí mò ń bọ́ sí pálọ̀.

"Kí ló ń lé ọ kiri? Jókòó. Ilẹ̀ ilé yìí kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá rí i pé n kò rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ lo pa á," ó wí. "Lọ jí i dìde."

Àwàdà ló ṣe. Èmi kò gbà á bí àwàdà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, n kò bọ́ aṣọ, mo jókòó sídìí tábìlì, mo mú bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ onílà, mo yí ọwọ́ ìkọ̀wé mi padà. Mo kọ lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ọmọ Ìyá Olóbì. Mo ní ọ̀rẹ́ òun ló ń bá òun kọ ọ́. Mo ní inú igbó igi gẹdú ni òun wà, ọ̀nà jìn, òun ṣàìsàn, òun ti gbádùn. Mo kí àwọn ará àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ ìyá náà pé kó dárí ji òun, pé kò sí ọjọ́ tí òun kò rántí ọwọ́ rẹ̀. Mo sunkún nígbà tí mo ń kọ ọ́. N kò tíì dá ẹ̀dá kan tó dára bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ó ku ọ̀la kí ọjọ́ kẹjọ pé. Mo bá Ìyá Olóbì nílé, Ẹlẹ́nu mímú jókòó tì í, ó gbé ọbẹ̀ wá tí ìyá náà kò fọwọ́ kàn. Àpótí wà ní ṣíṣí. Wọ́n ti ká ṣòkòtò lọ́tọ̀, wọ́n ti ká ẹ̀wù lọ́tọ̀.

"Màmá, lẹ́tà dé. Láti ọ̀dọ̀ ọmọ yín."

Ó gba bébà náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dà á padà fún mi. "Ta ló mú un wá?"

"Awakọ̀ kan ló fi sílẹ̀ ní iléèwé."

"Ẹ kà á."

Mo kà á. Mo kà á dáadáa, bí mo ṣe ń kà á níbi ẹ̀gẹ́. Ẹlẹ́nu mímú ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí aṣọ nu ojú. Nígbà tí mo débi ìdáríjì, ìyá náà gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ dúró. Ó ní kí n dárí ji òun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ta ló ti bú?"

"Ẹ̀n?"

"Láti òkè bébà yẹn dé ìsàlẹ̀, ta ló bú?"

Mo wo bébà bí ẹni pé èébú lè wà níbẹ̀. "Kò bú ẹnikẹ́ni, Màmá."

"Kò bú ẹnikẹ́ni." Ó yíjú sí Ẹlẹ́nu mímú. "O gbọ́? Ọmọ tí mo bí! Ẹni tó bú awakọ̀ tó fẹ́ gbé e lọ kó tó wọkọ̀! Ẹni tó ní kí n yé sunkún, pé ojú mi ti wú bí búrẹ́dì inú tíì! Ọmọ mi kì í bẹ̀bẹ̀. Tó bá ṣẹ̀ mí, á ra ẹja wálé, á jù ú sílẹ̀ níwájú mi, á ní, 'Ẹ wo ẹja burúkú tí wọ́n ń tà fún èèyàn ní Ìfọ́n.' Mo mọ̀ pé ó ti bẹ̀ mí nìyẹn."

Ó wá wò mí.

"Tíṣà. Ìwọ lo kọ ọ́."

Láti ọjọ́ tí mo ti dé Elégbéká, kò tíì pè mí ní "ìwọ" rí. Mo ká bébà náà.

"O jókòó, o kọ gbogbo èyí, o fi sí ọmọ mi lẹ́nu."

"Ẹ dárí jì mí, Màmá."

"Ìwọ náà ń bẹ̀bẹ̀. Irú irọ́ yìí lo máa ń pa?"

"Iṣẹ́ mi ni."

"Ìjọba mọ̀?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Ẹlẹ́nu mímú, ó yára fọwọ́ bò ó. Ìyá Olóbì kò rẹ́rìn-ín. Mo rí i tó ń ro nǹkan, tí ojú rẹ̀ ń lọ láti ara bébà sí ara mi, láti ara mi sí ara àpótí.

"Èyí tó o kà níbi ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Níbo lo ti rí i?"

"Ibi kan náà, Màmá. Inú orí mi."

"Ọmọ tó kú sínú odò yẹn, irú ẹnu wo ló ní?"

Mo ronú. "Ọmọ jẹ́jẹ́ ni."

"Háà!" Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbàá. "Kì í ṣe tèmi."

Gbogbo ohun tí mo sọ fún un láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò gba ọ̀kan gbọ́. Irọ́ tí mo pa tí kò dáa tó ló jẹ́ kó gbà pé àròsọ ni. Ó da ṣòkòtò àti ẹ̀wù padà sínú àpótí láìká wọn, ó sì fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ ibùsùn. Ó fa ọbẹ̀ sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó jẹun pẹ́ kó tó tún rántí mi.

"O pa á, o jí i, kò sí èyí tó jẹ́ ọmọ mi nínú méjèèjì. N kò gbé jìnnà sí ọ, Tíṣà. Ọ̀nà kan péré ló wà láàárín wa. O ò bi mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wà lára mi di òní olónìí. Mo tún ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo yọ wíwo ẹsẹ̀ kúrò, mo yọ odò kúrò. Mo fún ọmọ amọ̀kòkò ní ẹnu burúkú, ẹnu ọmọ àbúrò bàbá mi kan ní Ìdásẹn ni mo sì mú fún un. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i níbi ẹ̀gẹ́, tí ọ̀kan sì gé ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ilé ìtẹ̀wé kọ̀wé sí mi pé kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà. Mo fèsì pé n kò mọ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èmi àti Ìyá Olóbì kò jà. Ó ń kí mi, ó ń fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tún gbé bébà kankan wá fún mi láti kà, ìbáà ṣe ìwé owó orí. Ọ̀dọ̀ Kátíkísì ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà ló ń gbé e lọ, ẹni tó ń kàwé bí ẹni ń ṣa òkúta lára ìrẹsì.

Ó tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, lásìkò òjò, awakọ̀ kan dúró, ó na àpòòwé kan sí Ìyá Olóbì láti ojú fèrèsé ọkọ̀. Ojú mi ló ṣe. Ó dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ó sọdá ọ̀nà, ó ń bọ̀ tààrà sí ẹnu ọ̀nà mi, mo sì ti ń nu ọwọ́ mi nù. Ó kọjá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà."

Ó pẹ́ lọ́dọ̀ Kátíkísì. Mo jókòó, mo dìde, mo gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá. Nígbà tó ń padà bọ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n lè rí ojú rẹ̀. N kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀.

"Òjò ọdún yìí pọ̀," ó wí.

"Ó pọ̀, Màmá."

Ó wọlé. Mo dúró de ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn, mo dúró dè é lọ́sẹ̀ yẹn, mo dúró dè é títí wọ́n fi gbé mi padà sí Ọ̀wọ̀. Ìyá náà ti kú kí n tó fẹ̀yìn tì ní 1998. Nígbà tí mo gbọ́, mo di iṣu sínú àpò, mo wọkọ̀ lọ bá Kátíkísì. Ó ti darúgbó, ó gba iṣu náà, ó dúpẹ́, ó súre fún mi. Mo bi í pé kí ló wà nínú àpòòwé ọjọ́ yẹn.

Ó mi orí. "Ó mú mi búra, Tíṣà. Ó ní kí n má sọ fún yín láéláé. Ó ní ẹ máa tún un kọ."